Síléètì Ìyá Aláró

Ọmọkùnrin mẹ́rìndínlógún ni wọ́n kó wá sí Ilé-Ifẹ̀ ní oṣù Ògọ́ọ̀sì ọdún 1954 pé kí wọ́n wá fi àsìkò ìsinmi wọn sin ìlú. Nínú gbogbo wọn, Lágúnjú nìkan ni ó kó ṣẹ́ẹ̀tì funfun mẹ́ta wá sí ibi tí wọ́n ti fẹ́ po amọ̀.

Ìjọba ti kéde pé láti oṣù kìn-ín-ní ọdún tí ń bọ̀, ọ̀fẹ́ ni gbogbo ọmọ yóò máa lọ sí ilé-ìwé. Yàrá ìkàwé kò tó. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ṣa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jọ láti ilé-ẹ̀kọ́ girama oríṣiríṣi, tí wọ́n kó wọn sí ilé-ìwé ìjọ kan ní àdúgbò Ìlàrè, kí wọ́n máa po amọ̀ kí wọ́n sì máa mọ ògiri láàárọ̀, kí wọ́n gbẹ́ ṣáláńgá lọ́sàn-án, kí wọ́n sì kọ́ àwọn àgbà ìlú ní ìwé bí oòrùn bá rọlẹ̀. Orí ẹní ni wọ́n ń sùn, mẹ́jọ mẹ́jọ nínú yàrá kan. Ẹ̀wà ni oúnjẹ ọ̀sán. Ẹ̀wà náà ni oúnjẹ ìrọ̀lẹ́. Wọ́n kàn yí orúkọ rẹ̀ padà ni.

Ọmọ Ẹdẹ ni Lágúnjú, kíláàsì àṣekágbá ni ó sì wà. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó la irun rẹ̀ sí méjì bí ẹni ń la ọ̀nà oko. Gègé ìkọ̀wé kan kì í kúrò ní àpò àyà rẹ̀, ìbáà jẹ́ ìgbà tí amọ̀ mù ún dé orúnkún. Ó ní ìwé kékeré kan tí ó ń kọ ìrírí rẹ̀ sí lójoojúmọ́, ó sì ti kọ àkọlé sí ẹ̀yìn rẹ̀ kí ó tó kúrò nílé: Ìfara-ẹni-rúbọ. Ní ọjọ́ tí ó pọn omi garawa mẹ́ta, ojú ewé mẹ́rin ni ó fi ròyìn rẹ̀. Kì í ṣe ènìyàn burúkú o. Ó fẹ́ràn ìlú. Ó kàn fẹ́ kí ìlú máa wo òun bí òun ti ń fẹ́ràn rẹ̀ ni.

Ní òpin ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní, Ọ̀gbẹ́ni Fáníyì, tíṣà tí í ṣe olórí àgọ́, kó wọn jọ. Ó ní Ọ̀gá Ẹ̀kọ́, òyìnbó kan, yóò ti Ìbàdàn wá ní Sátidé tí ó kẹ́yìn, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ àgbà kan ṣoṣo ni yóò jáde kọ̀wé níwájú rẹ̀, èyí tí ó bá dára jù lọ. Ọ̀gá Ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ yóò sì fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí fún ọmọkùnrin tí ó kọ́ ọ. Gbogbo wọn mọ ohun tí irú ìwé ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ lè ṣe fún ẹni tí ó ń wá àyè sí kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Ìbàdàn. Láti ọjọ́ náà ni Lágúnjú ti ń wo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ bí alápatà ti í wo màlúù.

Wọn kò sì wú u lórí. Bàbá kan wà tí oorun ti ń gbé lọ láti orí A. Ìyàwó ilé méjì wà tí ẹ̀rín kì í jẹ́ kí wọ́n rí B. Lẹ́yìn náà ni Ìyá Aláró dé.

Ọjọ́ Mọ́ńdè kan lẹ́yìn òjò ni ó wọlé. Ó tó ọmọ àádọ́ta ọdún. Aró ti sọ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì di dúdú títí dé ìgbọ̀nwọ́. Ó fi gèlè bo etí, ó fi í bo ẹ̀rẹ̀kẹ́, débi pé ẹnikẹ́ni kò lè ka ilà ojú rẹ̀ kí ó mọ ìlú tí ó ti wá. Ó kọjá gbogbo bẹ́ǹṣì, ó lọ jókòó sí ẹ̀yìn pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn kejì. Nígbà tí Lágúnjú mú ìwé orúkọ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ní Àmínátù ni òun ń jẹ́. Lágúnjú bi í pé ọmọ ta ni, láti ìlú wo.

“Ìrẹmọ níbí ni mò ń gbé, Tíṣà,” ni obìnrin náà wí. “Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.”

Ó ń pe Lágúnjú ní ẹ̀yin, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó tó bí i lẹ́ẹ̀mejì. Èyí dùn mọ́ Lágúnjú, kò sì sọ fún un pé kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Ó wá bi í, gẹ́gẹ́ bí ó ti í bi gbogbo wọn, ohun tí ó fẹ́ fi ìwé ṣe.

“Mo fẹ́ kọ lẹ́tà kan sí ọmọ mi. Ọ̀kan péré. Bí mo bá ti kọ ọ́ tán, n kò ní yọ yín lẹ́nu mọ́.”

Lágúnjú rẹ́rìn-ín. Ó ní bí ó bá ṣe ti lẹ́tà ni, kí ó sọ ọ̀rọ̀ náà, òun yóò bá a kọ ọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Obìnrin náà mi orí.

“Ọ̀rọ̀ náà kò ṣe é rán ènìyàn, Tíṣà. Ọwọ́ mi ni yóò kọ ọ́.”

Láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án, ó ti mọ gbogbo lẹ́tà, ńlá àti kékeré, ó sì ti ń so wọ́n pọ̀. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí Ìyá Aláró ti ń fi ìyẹ́ adìyẹ tọ ẹ̀kọ láfún sára aṣọ funfun, tí ó ń ya ẹja, tí ó ń ya ẹyẹ, kí ó tó rì í sínú aró. Ẹni tí ó lè fi ìyẹ́ ya alángbá kí ọwọ́ rẹ̀ má gbọ̀n, kí ni S jẹ́ fún un? Ṣùgbọ́n ohun tí Lágúnjú kọ sínú Ìfara-ẹni-rúbọ ni pé ọ̀nà ìkọ́ni tuntun kan, tí òun fúnra òun ṣàwárí, ti ń so èso.

Àwọn nǹkan kan wà tí kò kọ síbẹ̀. Kò kọ ọ́ pé síléètì tí obìnrin náà bá lò máa ń tutù, bí ẹni pé inú omi ni wọ́n ti yọ ọ́. Kò kọ ọ́ pé àwọn adìyẹ tí ń wọ yàrá ìkàwé bí ẹni tí ó ni ín kì í dé ìdí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn mọ́. Àwọn ìyàwó ilé méjèèjì, tí wọ́n ti bá a jókòó ní ọjọ́ kìn-ín-ní, ti ń sún síwájú díẹ̀díẹ̀. Kò sẹ́ni tí ó sọ ìdí, ẹ̀rín wọn sì ti dín kù. Ìgbà kan tí Lágúnjú di ọwọ́ Ìyá Aláró mú láti tọ́ ọ sọ́nà lórí G, ó dà bí ẹni pé ó fọwọ́ kan ìkòkò omi lásìkò ọyẹ́. Ó yára fi í sílẹ̀, ó ní ó ti mọ̀ ọ́n.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, nígbà tí àwọn yòókù ti lọ, obìnrin náà bi í léèrè.

“Tíṣà, bí ènìyàn bá kọ ìwé, ṣé dandan ni kó wà níbi tí wọ́n ti ń kà á?”

Irú ìbéèrè tí Lágúnjú fẹ́ràn nìyí. Ó kó ọwọ́ sẹ́yìn, ó rìn dé ojú fèrèsé, ó rìn padà. Ó ní iṣẹ́ ìwé gan-an nìyẹn, pé kí ọ̀rọ̀ máa rìn kí ẹni tí ó sọ ọ́ jókòó síbi tí ó wà.

“Àní òkú pàápàá, Ìyá. Nínú ìwé, ó ń sọ̀rọ̀.”

Obìnrin náà gbé ẹfun sílẹ̀.

“Ẹ tún un sọ,” ni ó wí.

Lágúnjú tún un sọ. Ó tilẹ̀ ń ju ọwọ́ bí ó ti ń sọ ọ́.

Ní ọjọ́ kejì ni ó pinnu pé Ìyá Aláró ni yóò jáde níwájú Ọ̀gá Ẹ̀kọ́. Ó jókòó, ó gbé gbólóhùn kan kalẹ̀, ó pa á rẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó tún un gbé kalẹ̀, títí ó fi rí i pé ó ti dára. Ó wá kọ ọ́ sójú pátákó fún un: Àwa aláìmọ̀kan tí ojú wa ti là ń kí Ọ̀gá Ẹ̀kọ́ káàbọ̀.

Obìnrin náà kà á díẹ̀díẹ̀ dé òpin.

“Àwọn wo ni aláìmọ̀kan?” ni ó bi í.

Lágúnjú ní ọ̀rọ̀ ìtẹríba lásán ni, àwọn òyìnbó fẹ́ràn rẹ̀. Obìnrin náà ní òun ti gbọ́, ṣùgbọ́n òun ti mọ ìwé tí ó tó lẹ́tà òun báyìí. Kí Tíṣà jọ̀ọ́, kí wọ́n fi síléètì náà sílẹ̀ fún òun ní ọjọ́ kan péré kí òun kọ́kọ́ gbìyànjú rẹ̀ wò. Síléètì àgọ́ ni, inú àpótí ni wọ́n ń tì í mọ́ bí ẹ̀kọ́ bá ti parí. Lágúnjú ní kí ó fi sùúrù ṣe é. Bí Ọ̀gá Ẹ̀kọ́ bá ti lọ, òun yóò fún un ní ìwé gidi, èyí tí wọ́n fa ìlà sí.

“Ọjọ́ mélòó ló kù?”

“Mẹ́jọ péré, Ìyá.”

“Ọjọ́ mẹ́jọ pọ̀ fún irú mi, Tíṣà.”

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń kọ́ni níṣẹ́ ni ọ̀gá; bí ó ti kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ tirẹ̀ nìyẹn. Ó mú ẹfun, ó bẹ̀rẹ̀: Àwa aláìmọ̀kan. Bí ó bá kọ ọ́ kún síléètì, a nù ún, a tún bẹ̀rẹ̀. Ó ń kọ ọ́ lọ́jọ́ kan, ó ń kọ ọ́ lọ́jọ́ kejì. Ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan a tún bẹ Tíṣà, Tíṣà a sì tún ní kí ó fara balẹ̀, L rẹ̀ kò tíì dúró dáadáa.

Láàárín ìgbà náà ni èrò kan sọ sí Lágúnjú lọ́kàn, ó sì dára lójú rẹ̀ ju gbólóhùn lọ. Bí ọmọ obìnrin yìí bá wà níbẹ̀ ńkọ́? Bí ìyá bá ti kọ̀wé tán, kí ọmọ ti àárín èrò jáde, kí ó wólẹ̀, kí ó sunkún ayọ̀, kí Ọ̀gá Ẹ̀kọ́ yọ áńkáṣífù? Ó lọ bá Ìyá Aláró, ó ní lẹ́tà kì í lọ láìsí àdírẹ́sì, kí ó sọ ti ọmọ rẹ̀ kí wọ́n fi pamọ́ de ọjọ́ náà. Obìnrin náà sọ ọ́ bí ẹni ń yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀: Àyọ̀kẹ́, aláró, agboolé Alápò, Ìtòkú, Abẹ́òkúta. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Lágúnjú fi lẹ́tà tirẹ̀ ránṣẹ́ láìsọ fún ẹnikẹ́ni: Ìyá rẹ wà ní Ilé-Ifẹ̀, ara rẹ̀ le, mo sì ti kọ́ ọ ní ìwé. Wá wò ó ní Sátidé, aago mẹ́rin.

Lẹ́tà náà ti kọjá Ìbàdàn kí bàbá Fákúnlé tó pe Lágúnjú.

Ọmọ Ifẹ̀ pọ́ńbélé ni Fákúnlé, òun ni ó ń ṣọ́ ọgbà ilé-ìwé náà. Ìdí igi ọsàn tí ó kọjú sí ẹ̀yìn yàrá ìkàwé ni àga rẹ̀ wà, ibẹ̀ ni ó sì ń wà ní gbogbo ọ̀sán. Ó bi Lágúnjú bóyá ó mọ ẹni tí ó ń kọ́. Lágúnjú ní akẹ́kọ̀ọ́ òun ni. Bàbá ní ó ti tó ọdún mẹ́rin tí obìnrin yẹn ti dé Ìrẹmọ, aró rẹ̀ dára, kò bá ẹnikẹ́ni jà rí. Ṣùgbọ́n kì í lọ sí Ẹnuwá, iwájú ààfin, lọ́jọ́ tí èrò bá ti ìlú mìíràn wá. Bí ó bá gbọ́ ohùn Ẹ̀gbá lójú ọ̀nà, a yà sínú ilé onílé. Kò sẹ́ni tí ó rí ìyekan rẹ̀ kan rí.

“Ṣé o mọ ohun tí wọ́n ń pè ní àkúdàáyà?” ni bàbá bi í.

Lágúnjú ní òun ti gbọ́ ọ nínú ìtàn ọmọdé.

“Ó dáa. Ẹni tó kú níbì kan, tó lọ ń gbé níbòmíràn níbi tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n. Kì í ṣe ènìyàn ibi. Ó ní ohun tí kò parí ni. Bí ojú ẹni tó mọ̀ ọ́n láyé bá ti kàn án, ó tán, kò ní sí níbẹ̀ mọ́. Nítorí náà, ọmọ mi, irú wọn, a kì í bi wọ́n níbi tí wọ́n ti wá.”

Lágúnjú rẹ́rìn-ín ẹni tí ó kàwé. Ẹ̀rín náà pẹ́ kí ó tó jáde. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá, ó lọ kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé iṣẹ́ ṣì pọ̀ láti ṣe láàárín àwọn ará ìlú. Nígbà tí ó kọ ọ́ tán, ó rí i pé òun ti kọ “Abẹ́òkúta” sí etí ìwé náà lẹ́ẹ̀mẹta láìmọ̀.

Awóníyì, ọ̀kan nínú àwọn ọmọkùnrin àgọ́, tí òun náà ń dupò ìwé ẹ̀rí náà, kò jẹ́ kí ó gbàgbé. Ọdẹ kan ni akẹ́kọ̀ọ́ tirẹ̀, tí ó ń kọ orúkọ ara rẹ̀ ní ìdorí kodò, tí inú rẹ̀ sì ń dùn sí i. “Lágúnjú,” ni Awóníyì wí nídìí ẹ̀wà, “Ìyá tìrẹ yẹn, ṣé o ti rí i níbi tó ti ń mu omi rí?” Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Lágúnjú rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, ó sì ń wá ìgbà kan nínú ọkàn rẹ̀ tí ó rí obìnrin náà níbi tí ó ti ń mu omi. Kò rí ọ̀kan.

Ọjọ́ Sátidé pé. Wọ́n gbá ọgbà, wọ́n wọ́n omi sílẹ̀ kí eruku má baà bá Ọ̀gá Ẹ̀kọ́ lálejò. Aago mẹ́ta ààbọ̀ ti lù nígbà tí Lágúnjú wọ yàrá ìkàwé, ó sì bá Ìyá Aláró lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn, òun nìkan.

“Ẹ fún mi ní síléètì, Tíṣà,” ni ó wí. “Ẹ jẹ́ kí n kọ tèmi lónìí. Ìlú yìí kò gbà mí mọ́. Láti àárọ̀ ni mo ti ń gbọ́ ẹsẹ̀ tí ń bọ̀.”

Lágúnjú gbé síléètì fún un. Ó ní ọ̀la ni tirẹ̀, kí ó kọ gbólóhùn àwọn lẹ́ẹ̀kan sí i kí ọwọ́ rẹ̀ lè yá. Obìnrin náà gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tẹrí ba sórí síléètì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé, Lágúnjú sì yí padà sí ojú fèrèsé láti máa ṣọ́ mọ́tò Ọ̀gá Ẹ̀kọ́. Ó ń gbọ́ ẹfun lẹ́yìn rẹ̀, tí ó ń ha, tí ó ń sáré. Ó rò pé gbólóhùn Àwa aláìmọ̀kan ni ó ń kọ.

Obìnrin kan yọ sí ẹnu ilẹ̀kùn iwájú. Eruku ọ̀nà jíjìn bò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Ó tó ọmọ ọgbọ̀n ọdún, ọwọ́ tirẹ̀ náà dúdú dé ìgbọ̀nwọ́, ó sì di ìwé kan mú.

“Ta ni Tíṣà Lágúnjú?” ni ó bèèrè, ní ohùn Ẹ̀gbá.

Ẹfun dákẹ́.

Ohun tí bàbá Fákúnlé sọ kọjá lọ́kàn Lágúnjú, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí ó ti ń múra eré yìí sílẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì ti nà kí ọkàn rẹ̀ tó pinnu. “Ìyá,” ni ó wí, “ẹ wo ẹni tí mo pè wá fún yín.” Ó yí padà.

Ìyá Aláró ti dìde. Ó ti kọ ẹ̀yìn sí wọn, ó dojú kọ ilẹ̀kùn kejì, kò sì bojú wẹ̀yìn. Ó gbé ọwọ́ lé òpó ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà, oòrùn nìkan ni ó kù lẹ́nu ilẹ̀kùn náà.

Lágúnjú sáré jáde. Ilẹ̀ tí wọ́n wọ́n omi sí wà níbẹ̀, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, ipa ìgbálẹ̀ ṣì wà lórí rẹ̀. Kò sí ẹsẹ̀ kan níbẹ̀ àyàfi tirẹ̀. Bàbá Fákúnlé, tí ó kọjú sí ilẹ̀kùn náà láti ọ̀sán, ní òun kò rí ẹni tí ó jáde. Ó bọ́ fìlà, ó gbé e sórí orúnkún.

Nígbà tí ó padà wọlé, àlejò náà kò tíì kúrò lójú kan.

“Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo rí,” ni Àyọ̀kẹ́ wí. “Mo mọ ẹ̀yìn yẹn. Èmi ni mo wẹ̀ ẹ́ kí wọ́n tó wé e ní aṣọ funfun, ó di ọdún mẹ́rin.”

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó sọ ọ́ fún Lágúnjú láìsunkún. Ìyá òun ń ṣàìsàn nígbà náà, ó ní kí òun má lọ sí Èkó. Òun kó àdìrẹ lọ, òun ní ọjọ́ mẹ́ta péré ni. Ìyá òun wí láti orí ẹní pé, ‘Bí o ti fi mí sílẹ̀ yìí, ọmọ kan kò ní dúró tì ọ́ láyé.’ Nígbà tí òun yóò fi dé, ẹnu tí ó sọ ọ̀rọ̀ náà ti pa dé. Ọmọ mẹ́ta ni òun ti bí láti ìgbà náà. Kò sí èyí tí ó tó ìrìn nínú wọn.

“Ìyá nìkan ló lè mú ọ̀rọ̀ ìyá kúrò,” ni ó wí. “Nígbà tí wọ́n ka ìwé yín fún mi, mo ní bó bá jẹ́ irọ́, kí Ọlọ́run mú ẹni tó kọ ọ́. Bó bá jẹ́ òótọ́, kí n lè bẹ̀ ẹ́.”

Síléètì wà lórí bẹ́ǹṣì. Lágúnjú ti ń wò ó kí ó tó rí ohun tí ó wà lórí rẹ̀. Kì í ṣe gbólóhùn tirẹ̀ ni ó wà níbẹ̀. Lẹ́tà náà tẹ́ẹ́rẹ́, ó gún régé, bí ohun tí wọ́n fi ìyẹ́ kọ: Àyọ̀kẹ́ ọmọ mi. Èmi ìyá rẹ ni. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí ọ ní ọjọ́ tí o ń lọ sí Èkó. Lẹ́yìn èyí, ìlà kan tí ó dúró ṣánṣán, tí kò tíì di lẹ́tà kankan. Ibẹ̀ ni ó mọ.

“Ẹ kà á fún mi,” ni Àyọ̀kẹ́ wí.

Lágúnjú kà á. Ó dé ibi ìlà náà, ẹnu rẹ̀ kò sì dúró. Kò sí ìgbà kan láyé rẹ̀ tí ẹnu náà fi gbólóhùn sílẹ̀ láìparí. “Mo ti dárí rẹ̀ jì ọ́,” ni ó kà, “kí Ọlọ́run dá ọmọ sí fún ọ.” Àyọ̀kẹ́ di ojú. Lágúnjú rí i bí èjìká rẹ̀ ti rọ̀, ó sì mọ̀ ní ìṣẹ́jú náà pé kò sí gbólóhùn tí òun kọ rí tí ó ṣe ẹnikẹ́ni báyìí.

“Ẹ tún un kà.”

Ẹni tí kò mọ̀wé ní ọgbọ́n tí ó ń dá fún ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n bá ka lẹ́tà fún un, a ní kí wọ́n tún un kà. Bí ó bá jẹ́ ohun tí wọ́n kọ ni, kò ní yí padà. Ní Abẹ́òkúta, ẹ̀ẹ̀mejì ni Àyọ̀kẹ́ jẹ́ kí wọ́n ka lẹ́tà Lágúnjú kí ó tó wọ ọkọ̀. Lágúnjú tún un kà. Ó dé ibi ìlà náà, ó ní, “Mo ti mú un kúrò lórí rẹ, Ọlọ́run yóò fún ọ ní ọmọ.” Ó gbọ́ ọ fúnra rẹ̀ bí ó ti ń jáde.

Àyọ̀kẹ́ la ojú. Ó sún mọ́ síléètì náà. Ó fi ìka tẹ̀ lé àwọn ìlà rẹ̀ nínú afẹ́fẹ́, kò fọwọ́ kàn án.

“Èmi ò mọ̀wé,” ni ó wí, “ṣùgbọ́n mo mọ ibi tí ọwọ́ ìyá mi dúró sí. Ohun tí o kà gùn ju èyí lọ. Níbo ló parí sí?”

Kò pè é ní ẹ̀yin mọ́. Lágúnjú nawọ́ sí ìlà náà.

“Kí ló wà níbẹ̀?”

“Ìlà kan ni. Kò tíì di nǹkan kan.”

“Láti ìgbà wo ló ti mọ̀wé?”

“Láti bí ọjọ́ mẹ́jọ.”

“Kí wá ló ń kọ láti ọjọ́ mẹ́jọ?”

Lágúnjú sọ ọ́ fún un. Ó sọ gbólóhùn náà bí ó ti wà, láti Àwa títí dé káàbọ̀. Nínú yàrá tí ó dákẹ́ yẹn, ó gùn ju bí ó ti rò lọ. Àyọ̀kẹ́ kò bú u. Ì bá sàn kí ó bú u.

Fèrè mọ́tò dún lójú ọ̀nà. Àwọn ọmọ àgọ́ bẹ̀rẹ̀ orin. Ọ̀gbẹ́ni Fáníyì yọjú lẹ́nu ilẹ̀kùn iwájú, òógùn bò ó, ó ní Ọ̀gá Ẹ̀kọ́ ti dé, akẹ́kọ̀ọ́ Lágúnjú dà? Ojú rẹ̀ bọ́ sórí síléètì. Ó ní ọwọ́ náà mà dára o; bí obìnrin náà kò bá sí nítòsí, kí Lágúnjú ṣáà gbé síléètì wá, ìyẹn náà tó láti fi hàn. Ó ti lọ kí wọ́n tó dá a lóhùn.

Lágúnjú yọ gègé ìkọ̀wé. Ó ní òun yóò da ọ̀rọ̀ náà kọ sínú ìwé fún Àyọ̀kẹ́ wéré, bí ó ti wà gan-an, kí ẹfun má baà parẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ lójú ọ̀nà. Síléètì yóò sì dúró síbí fún Ọ̀gá Ẹ̀kọ́.

“Ọwọ́ rẹ kọ́,” ni Àyọ̀kẹ́ wí. “Ọwọ́ ìyá mi.”

Ó gbé síléètì náà ní etí méjèèjì, bí ẹni gbé àwo omi tí ó kún dé ẹnu, ó sì gba ilẹ̀kùn kejì jáde. Lágúnjú dúró. Ó ń gbọ́ ohùn òyìnbó náà níwájú ilé, tí ó ń bèèrè nǹkan, àti ohùn Ọ̀gbẹ́ni Fáníyì tí ń pe orúkọ òun. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọkàn rẹ̀ yí padà lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti kọjú síwájú. Ṣùgbọ́n ó wo Àyọ̀kẹ́ tí ń lọ nínú ọgbà, ó sì rí i pé bí ẹnìkan ṣoṣo bá fara gbún un lójú ọ̀nà, ọ̀rọ̀ náà ti parẹ́. Ó tẹ̀ lé e.

Ó lọ síwájú rẹ̀ ní gbogbo ọ̀nà, láti Ìlàrè kọjá ní Ẹnuwá títí dé gáréèjì, ó ń fi apá méjèèjì là á láàárín èrò. Àwọn tí wọ́n mọ̀ ọ́n ń kí i pé Tíṣà, kò dáhùn. Lẹ́yìn wọn, ní ilé-ìwé, ọdẹ Awóníyì kọ orúkọ rẹ̀ ní ìdorí kodò. Ọ̀gá Ẹ̀kọ́ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì bọ Awóníyì lọ́wọ́.

Bọ́lẹ̀kájà tí ó ń lọ sí Ìbàdàn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Wọ́n fún Àyọ̀kẹ́ ní ààyè lẹ́bàá igi ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Ó gbé síléètì lé itan, ó ká ọwọ́ yí i ká láìfi kàn án, bí a ti í ṣe sí iná àtùpà nínú atẹ́gùn. Awakọ̀ ti jókòó sídìí ọkọ̀.

“Kà á,” ni Àyọ̀kẹ́ wí.

Lágúnjú gun ẹsẹ̀ ọkọ̀. Ó kà á. Àwọn èrò ọkọ̀ dákẹ́ láti gbọ́, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti í ṣe sí lẹ́tà onílẹ́tà. Àyọ̀kẹ́ ọmọ mi. Èmi ìyá rẹ ni. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí ọ ní ọjọ́ tí o ń lọ sí Èkó. Ó dé ibi ìlà náà, ó sì dúró.

Àyọ̀kẹ́ kò wò ó. Ó tẹ́tí sílẹ̀. Lágúnjú náà tẹ́tí sílẹ̀, láìmọ ohun tí òun ń retí. Fún ìṣẹ́jú kan, ó dà bí ẹni pé ẹfun tún ń ha ní ibì kan nítòsí, ṣùgbọ́n òkúta ni wọ́n ń yọ lábẹ́ táyà.

“Ìyókù ńkọ́?” ni ìyá àgbà kan bèèrè láti ẹ̀yìn.

“N kò mọ̀ ọ́n, Ìyá,” ni Lágúnjú wí.

Ó sọ̀ kalẹ̀. Ọkọ̀ náà gbéra díẹ̀díẹ̀, nítorí Àyọ̀kẹ́ ti bẹ awakọ̀.